Ikú Ìdílé Donnelly ní Kánádà: Kí Ló Dé tí Ilé Ẹjọ́ Kò Fi Dá Ẹnikẹ́ni Lẹ́bi?

Ní òru ọjọ́ kẹta mọ́jú ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 1880, àwọn ọkùnrin kan kó ara wọn jọ, wọ́n ya wọ ilé àgbẹ̀ kan ní àgbègbè Biddulph, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, wọ́n sì pa gbogbo ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ àfi ọmọdé kan tí wọn kò rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn márùn-ún nínú ìdílé Donnelly ti kú. Láti Írẹ́lándì ni ìdílé náà ti wá. Láti Írẹ́lándì náà ni ìdílé àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn yìí kàn ti wá, ìjọ Kátólíìkì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aládùúgbò ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtàn yìí ń rú lójú, nítorí pé ẹnu àwọn tí ń sọ ọ́ kò kò. Àwọn kan ní ìjà ìran ni, pé láti Írẹ́lándì ni wọ́n ti gbé e wá. Àwọn mìíràn ní ìdílé náà ti burú jù, pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fa ikú. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń rí àwọn tí ó gbà pé, níwọ̀n ìgbà tí ilé ẹjọ́ ti dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, àti pé ohun tí ó sọ ìjà aládùúgbò di ìpakúpa ni pé àwọn ènìyàn gba iṣẹ́ òfin sí ọwọ́ ara wọn, tí òfin fúnra rẹ̀ kò sì rí ẹni tí yóò dúró tì í nígbà tí ó dé.

Ọdún 1816 ni wọ́n bí James Donnelly, bàálé ilé náà, ní ẹkùn Tipperary. Johannah Magee ni ìyàwó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840 ni wọ́n gbé àkọ́bí wọn dání, tí wọ́n sì la òkun kọjá lọ sí Kánádà. Ó yẹ kí a fi àkókò yìí sọ́kàn, nítorí pé àwọn ènìyàn sábà máa ń ka ìdílé náà mọ́ àwọn tí ìyàn ńlá lé kúrò ní Írẹ́lándì, bẹ́ẹ̀ ọdún 1845 ni àrùn tí ó ba ọ̀dùnkún jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń fa àwọn àgbẹ̀ bíi tiwọn lọ sí òkè òkun. Ní Tipperary, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń dáko. Ó ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, onílẹ̀ sì lè lé e jáde tọmọtọmọ. Nítorí ìnilára yìí ni àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ fi dá ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, èyí tí wọ́n ń pè ní Whiteboys. Òru ni wọ́n ń jáde, wọ́n ń ba odi jẹ́, wọ́n ń pa ẹran ọ̀sìn lára, wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ tí wọ́n lé ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀. Inú èyí ni ìtàn ìjà ìran ti yọ, pé àwọn bàbá Donnelly kọ̀ láti bá wọn mulẹ̀ ní ilé, tí ẹ̀san náà sì tẹ̀ lé wọn dé Kánádà. Mo gbà pé àwọn ará Biddulph gbé àṣà ìmùlẹ̀ àti ìjáde òru wá láti ilé, nítorí pé ìṣe wọn jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjà kan pàtó tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Tipperary kò ní ẹ̀rí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Biddulph fúnra rẹ̀ ti pọ̀ tó láti fa ọ̀tá.

Ilẹ̀ Biddulph náà sì ní ìtàn kí àwọn ará Írẹ́lándì tó dé ibẹ̀, ìtàn tí ó kan àwa ènìyàn dúdú. Ní 1829, ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tí ó ní kí ènìyàn dúdú tí ó bá fẹ́ gbé níbẹ̀ wá onígbọ̀wọ́ 500 dọ́là, àwọn jàǹdùkú funfun sì kọlù wọ́n ní àdúgbò wọn. Àwọn kan nínú wọn kó lọ sí Biddulph, àwọn ọmọ ìjọ Quaker bá wọn ra 800 éékà ilẹ̀, wọ́n sì sọ ibùdó wọn ní Wilberforce. Canada Company, ilé iṣẹ́ tí ó ń ta ilẹ̀ àgbègbè náà, kò pẹ́ tí ó fi kọ̀ láti ta ilẹ̀ fún ènìyàn dúdú mọ́. Àwọn ará Írẹ́lándì ni ó kún ibẹ̀, ìlú Lucan sì dìde níbi tí Wilberforce wà. Ó dùn mí pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn Donnelly, díẹ̀ ni ó ń rántí pé àwọn kan ti pàdánù ìrètí wọn lórí ilẹ̀ yẹn kí àwọn wọ̀nyí tó dé.

Ojú ọ̀nà tí James Donnelly dó sí ni wọ́n ń pè ní Roman Line, nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ Roman Kátólíìkì ni ó pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ 100 éékà ni, kò sì rà á. Ó ṣán igbó rẹ̀, ó kọ́lé sí i, ó sì ń dáko níbẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ lórí ìwé, John Grace, kò gbé níbẹ̀. Ṣé olè ilẹ̀ wá ni James? Lójú òfin, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lójú àwọn tí ń gbé ní bèbè igbó nígbà náà, ẹni tí ó gé igi ńlá lulẹ̀, tí ó hú gbòǹgbò rẹ̀, tí ó sì sọ igbó kìjikìji di oko, ti fi òógùn rẹ̀ ra ilẹ̀ náà. Àṣà yìí wọ́pọ̀ débi pé ilé ẹjọ́ pàápàá kì í fojú fo iṣẹ́ ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní 1856, wọ́n gé ilẹ̀ sí méjì: 50 éékà ti apá àríwá di ti Donnelly, apá gúúsù sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Patrick Farrell ni ó wá ń dáko ní apá gúúsù náà. Ẹni tí ó bá mọ bí ìjà ààlà ṣe ń rí yóò mọ̀ pé irú ìdájọ́ báyìí kì í parí ìjà. Ṣe ni ó sọ ọ̀tá méjì di alámùúlégbè.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1857, àwọn ará àdúgbò péjọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún ẹnì kan láti bá a kó gẹdú kúrò nínú oko. Ọtí ń lọ, iṣẹ́ ń lọ. Donnelly àti Farrell wọ̀yá ìjà, Donnelly sì fi igi tí wọ́n fi ń yí gẹdú lu Farrell lórí, ọkùnrin náà sì kú. James sá pamọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n yẹgi fún un ní oṣù Kẹsàn-án 1859. Johannah ni kò gbà. Obìnrin yìí, tí ó ní ọmọkùnrin méje àti ọmọbìnrin kan nílẹ̀, kó ìbuwọ́lùwé jọ láàrin àwọn ará ìlú, ó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, wọ́n sì sọ ìdájọ́ ikú náà di ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Kingston ni James ti ṣẹ̀wọ̀n náà. Ọdún 1865 ni ó padà dé ilé.

N kò ní bo ẹ̀ṣẹ̀ James Donnelly mọ́lẹ̀: ó pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìjọba mú un, ó dá a lẹ́jọ́ ní gbangba, ó sì ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá sọ pé ikú Farrell ni wọ́n gbẹ̀san rẹ̀ ní 1880 ní láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń dúró dè fún ọdún méjìlélógún.

Ohun tí ó tún iná náà dá ni òwò. Ní 1873, William, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó èrò láàrin ìlú London ti Ontario, Lucan àti Exeter. Ó ní àwọn mìíràn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà lójú ọ̀nà yẹn, ìdíje wọn kò sì pẹ́ kí ó tó di ìjà: wọ́n ń sun ilé ẹṣin, wọ́n ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́, wọ́n sì ń pa ẹṣin ara wọn lára. Lẹ́yìn ìgbà náà, ohunkóhun tí ó bá jóná tàbí tí ó bá sọnù ní Biddulph, orúkọ Donnelly ni ó ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ̀bi àwọn ẹ̀sùn kan lóòótọ́. Wọ́n rán Robert lọ sí Kingston nítorí pé ó yìnbọn sí ọlọ́pàá. Àwọn ẹ̀sùn mìíràn wà tí ilé ẹjọ́ kò rí ẹ̀rí wọn, àwọn aládùúgbò sì ka àwọn náà mọ́ èyí tí wọ́n jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ obìnrin tún dá kún un: nígbà tí William gbé Norah Kennedy níyàwó, John, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Norah lọ́kùnrin, kò fọwọ́ sí i, ó sì di ọ̀tá wọn pátápátá.

Ní 1879, àlùfáà tuntun kan, Fáda John Connolly, tí kò tíì pẹ́ ní ìjọ St. Patrick, ní kí àwọn ọmọ ìjọ dá ẹgbẹ́ àlàáfíà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ náà ti gbà pé wọ́n lè wá tú ilé òun wò bí nǹkan bá sọnù. Àwọn Donnelly kò fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ti ìjọ yìí àti ẹgbẹ́ kejì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ wà ní gbangba, lójú àlùfáà. Èkejì jẹ́ ti fijilánté, àwọn kan nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé ni ó dá a sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Cedar Swamp ni wọ́n ti ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá ni bí wọn yóò ṣe lé ìdílé kan kúrò ní àdúgbò. Ní ọdún yẹn kan náà ni James Carroll, ọ̀kan nínú wọn, di kọ́ńsítébù. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an nìyí, nítorí pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀tá ìdílé náà ni ó ní àṣẹ láti mú wọn. Nígbà tí màlúù aládùúgbò kan sọnù, ọ̀wọ́ àwọn ọkùnrin ya bo oko Donnelly láti tú u wò. Wọn kò bá màlúù níbẹ̀. Nínú igbó ni wọ́n ti rí i lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Kejìlá 1879, wọ́n gún Michael Donnelly pa nínú ìjà ilé ọtí ní ìlú Waterford ti Ontario. Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn èyí, abà Patrick Ryder jóná ní òru kan tí àwọn ọmọkùnrin Donnelly wà níbi ijó ìgbéyàwó, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí wọn. Nítorí pé wọn kò lè fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ, wọ́n fi kan àwọn òbí. James, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àti Johannah ni wọ́n ní kí ó wá jẹ́jọ́ ní Granton ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì.

Nítorí pé gbogbo ilé yóò lọ sí Granton, wọ́n bẹ ọmọdékùnrin kan, Johnny O'Connor, pé kí ó wá sùn tì wọ́n, kí ó lè bọ́ ẹran ní òwúrọ̀. Orí ibùsùn James ni ó sùn sí. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, ó jí, ó rí Carroll tí ó di àbẹ́là mú nínú yàrá. Carroll ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ Tom, ọmọ James. Bàbá bèèrè ohun tí wọ́n tún wá fẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn, Carroll ní ẹ̀sùn mìíràn ni. Bàbá ń wá ẹ̀wù rẹ̀ láti wọ̀. Ọmọ náà ni ó nawọ́ rẹ̀ sí i, nítorí pé òun ti ká a sí abẹ́ orí bí ìrọ̀rí. Tom ní kí Carroll ka ìwé àṣẹ tí ó fi wá mú òun. Carroll dá a lóhùn pé àyè ṣì wà fún ìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó wà níta ti rọ́ wọlé pẹ̀lú kùmọ̀.

Bridget, ọmọ ẹbí James, sá gun òkè ilé lọ, Johnny sáré tẹ̀ lé e, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì, ó padà, ó sì wọ abẹ́ ibùsùn, ó fara pamọ́ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe lu James àti Johannah pa, tí wọ́n sì gbé Tom wọlé láti ìta. Wọ́n pa Bridget náà. Wọ́n da epo sí orí ibùsùn, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n sì lọ. Ọmọ náà jáde kúrò lábẹ́ iná, ó sá lọ sí ilé Patrick Whalen lórí yìnyín láìwọ bàtà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Bridget. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni, kò tíì pé ọdún méjì tí ó ti Írẹ́lándì dé. Kò sun abà, kò lu ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀. Àwọn tí ń sọ pé ìdílé náà ni ó fọwọ́ ara wọn fà á kì í sọ ohun tí ọmọbìnrin yìí ṣe.

Àwọn apànìyàn náà forí lé ilé William ní Whalen's Corners, nǹkan bí máìlì mẹ́ta sí ibẹ̀. Wọ́n pariwo pé iná ń jó, kí Will jáde. John Donnelly, ọmọ James mìíràn, tí ó wá yá ọkọ̀ orí yìnyín tí wọn yóò gbé lọ sí Granton, ni ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n rò pé William ni. William wà nínú yàrá, ó ń yọjú lójú fèrèsé, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé òun rí John Kennedy, ẹbí ìyàwó òun, àti Carroll pẹ̀lú.

Kò ṣòro láti mọ ẹni tí wọn yóò mú, nítorí pé ẹlẹ́rìí méjì tí kò sí níbì kan náà ti dárúkọ Carroll. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin mẹ́fà: James Carroll, John Kennedy, Martin McLaughlin, Thomas Ryder, James Ryder àti John Purtell. Ìjọba pinnu láti kọ́kọ́ pe Carroll nìkan, nítorí pé ẹ̀rí tirẹ̀ ni ó lágbára jù. Bí ilé ẹjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì fún wa láti mọ̀, nítorí pé ní Nàìjíríà adájọ́ nìkan ni ó ń sọ bóyá ènìyàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ní Ontario nígbà náà, àwọn ọkùnrin méjìlá tí wọ́n ṣà láàrin ará ìlú ni ó ń sọ ọ́, adájọ́ kàn ń tọ́ wọn sọ́nà nínú òfin ni, ohùn àwọn méjèèjìlá sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀rí tí ó dára kò tó. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí etí àwọn tí kò bẹ̀rù, tí ọkàn wọn kò sì tíì ṣègbè. Agbẹjọ́rò ìjọba, Aemilius Irving, mọ èyí, ìjọba sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà kúrò ní London lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn kò ti mọ àwọn Donnelly. Wọn kò gbà.

Ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù Kẹwàá 1880. Hugh MacMahon tí ó ṣíwájú àwọn agbẹjọ́rò Carroll gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọmọdé kò ṣeé gbára lé, àwọn ẹlẹ́rìí sì jáde wá sọ pé ibòmíràn ni Carroll sùn lóru náà. Nígbà tí àwọn méjìlá náà gbìmọ̀ tán, méje ní kò jẹ̀bi, mẹ́rin ní ó jẹ̀bi, ẹnì kan kò lè pinnu. Irú ìparí báyìí kì í ṣe ìdáǹdè. Bí ẹni pé wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà ni òfin kà á sí, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbẹ́jọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1881. Johnny tún sọ ohun tí ó rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì, wọ́n ní Carroll kò jẹ̀bi.

Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn méjìlá náà kò gbà pé ìjọba ti mú ẹ̀rí wá kọjá iyèméjì. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà purọ́, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn tí ó ṣe é. Àwọn méjìlá náà kò sì ṣàì mọ̀ pé bí wọ́n bá dá Carroll lẹ́bi, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó ní ìyàwó àti ọmọ ni okùn lè bọ́ sí lọ́rùn tẹ̀ lé e. Mo gbà pé èyí wúwo lọ́kàn wọn ju ohun tí ọmọdé kan fojú rí lábẹ́ ibùsùn lọ.

Àbùkù tí ó lẹ̀ mọ́ ìdílé náà kò sì tán síbẹ̀. Orúkọ burúkú tí ó ń pè wọ́n ní Donnelly dúdú gbajúmọ̀ láti inú ìwé kan tí ó jáde ní 1954, èyí tí ó fi àsọdùn kún ìwà wọn. Àwọn arìnrìn-àjò wá pọ̀ ní ibojì wọn ní St. Patrick débi pé, ní 1964, wọ́n hú òkúta tí àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù gbé sí i ní 1889, èyí tí ó kọ ọ́ gbangba pé ṣe ni wọ́n pa wọ́n. Òkúta tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò sọ ju pé wọ́n kú.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí àwọn ènìyàn máa ń bèèrè: ṣé ìdáǹdè Carroll ni kò jẹ́ kí wọ́n pe àwọn yòókù lẹ́jọ́? Rárá. Òfin kò gbà kí wọ́n tún pe Carroll lórí ẹ̀sùn kan náà, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún yòókù kò tíì dúró níwájú àwọn méjìlá kankan, Thomas Ryder àti Purtell tí ọmọ náà dárúkọ sì wà nínú wọn. Ìjọba ni ó pinnu pé bí wọn kò bá lè dá ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lẹ́bi ní ìlú yẹn, wọn kò ní lè dá èyíkéyìí nínú àwọn tí ó kù lẹ́bi. Wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n padà sí oko wọn ní Biddulph, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́jọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú.